Ẹni Tó Ń Ra Páìpù Ló Ni Iṣẹ́

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo kọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìbà, kò jìnnà sí ilé tí a ń gbé, níbi tí mo ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé àti aṣọ àwọn ìyá àdúgbò. Ọkọ mi ni plọ́ńbà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti élíbò, màá ní kó lọ bi ọkọ mi. Èmi kì í bi í ní ọ̀rọ̀ páìpù, òun náà kì í bi mí ní ọ̀rọ̀ sípù, a sì ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà.

Ọjọ́ tó já bọ́ láti orí irin táńkì ní ilé kan ní Ọ̀jọ́ ni nǹkan yí padà. Irin tó dúró lé ti dípáàrà lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kùn ún, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Egungun itan rẹ̀ ọ̀tún ló ṣẹ́. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin so egungun náà pọ̀, wọ́n sì ní kó padà sílé lọ sinmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe orí ló fi balẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjánikin ni. Iṣẹ́ ńlá ni: gbogbo páìpù omi, gbogbo ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, táńkì, àti ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi gòkè. Onílé wà ní ìdálẹ̀, orí fóònù nìkan la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́, tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, tó ti gba fúrídọ̀ọ̀mù, tó ti fẹ́yàwó, tó ti bímọ. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kò lè so pọ̀ nínú ilé náà. Mo ní ó tán, kí ó máa ra ọjà, kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ọkọ mi máa sinmi.

Ọkọ mi wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó fi ìyàwó rẹ̀ ta aládùúgbò lọ́rẹ.

“Ẹni tó ń ra páìpù ló ni iṣẹ́,” ó ní. “Ṣé o fẹ́ kí n jí lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lọ́jọ́ kan kí n má níṣẹ́ mọ́ ni?”

Ó wá là á yé mi. Láàárín àwọn plọ́ńbà, ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù ni ọ̀gá. Òun ni àwọn ọlọ́jà mọ̀, òun ni wọ́n ń pè bí oníbàárà bá wá béèrè ẹni tó mọṣẹ́, òun ló mọ ibi tí ọjà gidi wà. Bí ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ bá ti lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọlọ́jà á di tirẹ̀, onílé náà á sì di tirẹ̀. Kò ní jà ọ́ lólè. Iṣẹ́ náà á kàn rọra tẹ̀lé e lọ ni. Bí ọkọ mi alára ṣe kúrò lábẹ́ ọ̀gá tirẹ̀ nìyẹn, ó sì sọ ọ́ fún mi láìtijú.

“Ta ni yóò wá lọ?” mo bi í.

Ó ní èmi ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti kọ́ mi. Ó ní kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó máa ń kó ọjà tó bá ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ sí wá, ó dà á sílẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ó sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Élíbò ni èyí tó tẹ̀ bí ìgúnpá. Tíì ni èyí tó ní ẹnu mẹ́ta. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń so páìpù méjì pọ̀. Yúníọ̀nù náà ń so páìpù méjì pọ̀, ṣùgbọ́n òun ṣeé tú. Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò kúkú fi yúníọ̀nù so gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀ òun ná. Ó mú méjì tó jọra, ó ní ọ̀kan jẹ́ akọ, èkejì jẹ́ abo. Akọ ni èyí tí eyín rẹ̀ tí wọ́n fi ń yí i wọlé wà níta, abo ni èyí tí eyín rẹ̀ wà nínú.

“Nínú ilé yìí ńkọ́?” mo ní. “Ta ni eyín rẹ̀ wà níta?”

Ó rẹ́rìn-ín títí itan rẹ̀ fi ń ro ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti ṣubú nìyẹn, inú mi sì dùn débi pé n kò bínú mọ́ pé èmi ni yóò lọ. Ó ní kí n di ojú, kí n máa fi ọwọ́ mọ̀ wọ́n. Ìdajì íńṣì ló kéré jù, tíríkọ́tà tẹ̀ lé e, íńṣì kan ló tóbi jù nínú àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ aránṣọ máa ń tètè gbọ́ nǹkan. Kí a tó jẹun alẹ́, mo ti lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì láì la ojú.

Àwọn tó ń ta páìpù tò lọ bẹẹrẹ ní Òkòkómáíkò, lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n ọjà kún ún dé òrùlé: páìpù funfun àti aláwọ̀ eérú fẹ̀yìn ti ògiri, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jókòó sílẹ̀ níta pẹ̀lú eruku lórí. Iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ni bẹ́ǹṣì gígùn kan wà, níbi tí àwọn plọ́ńbà máa ń jókòó sí láàárọ̀ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ wọn, kí ẹni tó bá ń wá plọ́ńbà lè rí wọn. Aṣọ tó dáa ni mo wọ̀ lọ, bí ẹni ń lọ ìpàdé òbí níléèwé. Gbogbo wọn ló gbójú sókè wò mí.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ni mo yà sí. Ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ló wà níbẹ̀. Mo ka ohun tí mo fẹ́ fún un láì wo fóònù, bí ọkọ mi ṣe kọ́ mi, torí ó ní bí wọ́n bá ti rí i pé mò ń wo fóònù kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà ní ìdajì rẹ̀, kò ní ìdajì yòókù. Ó fa àga onírọ́bà kan fún mi.

“Madam, siddon. I dey come now now.”

Mo jókòó. N kò rí i kó padà. Oòrùn ń wọlé bá mi, eruku ń wọlé bá mi. Láti orí àga tí mo wà, mò ń wo ohun tí mo fẹ́ rà níwájú ṣọ́ọ̀bù kejì, ó tò síbẹ̀ rẹ́rẹ́. Mo ní ṣé mo ya wèrè ni? Mo dìde, mo lọ síbẹ̀, mo ra gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń gba ọjà lọ́wọ́ obìnrin tó ni ibẹ̀ ni ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn yọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, ó kó ọjà mi mọ́ àyà. Ibẹ̀ ló ti lọ mú un fún mi.

Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-yàgò. Ọkùnrin náà di ẹnu páìpù mi kan mú, èmi náà di ìdí rẹ̀ mú, a ń fà á síwá sẹ́yìn lójú gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní owó mi ni mo fi rà á. Ó ní òun ni mo kọ́kọ́ bá. Ìyá tó ta ọjà fún mi kàn ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé òun náà ti ṣẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan, ará apá Ọ̀yọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìpẹ̀kun ìlà náà, ló jáde wá. Alájì ni gbogbo wọn ń pè é.

“Ìyá,” ó ní, “ṣé ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?”

Mo ní mo jókòó.

“Ẹ ti ra ọjà níbẹ̀ nìyẹn.”

Ó ní kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ní gbogbo ohun tí plọ́ńbà ń fẹ́ nínú ìlà náà. Ẹni tí kò bá ní tíì á lọ mú un lọ́dọ̀ ẹni tó ní i, ẹni yẹn náà á wá mú élíbò lọ́dọ̀ tirẹ̀ lọ́la. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè jọ máa gbé láìjà ni pé ẹni tí oníbàárà bá ti jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ni oníbàárà, títí tí yóò fi dìde pẹ̀lú ọjà. Bó o bá fẹ́ lọ wo ibòmíràn, òòró ni kó o dúró. Mo bẹ ọkùnrin náà, mo dá ọjà obìnrin yẹn padà, mo sì ra èyí tó kó mọ́ àyà pẹ̀lú ìdajì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà kan náà ni.

Alájì bi mí pé ìyàwó ta ni mí. Nígbà tí mo sọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti ń wá ọkọ mi. Ó ní, “Ìyàwó wa ni,” ó sì sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó ní òun gbàgbé láti sọ fún mi nípa jíjókòó. Gbogbo orúkọ irin ló kọ́ mi, kò kọ́ mi ní ti àga.

Jíjókòó yẹn ló wá di iṣẹ́ mi. Alájì náà kò ní gbogbo nǹkan. Á ní, “Ìyàwó wa, jókòó, wọ́n ń lọ mú un bọ̀,” èmi náà á sì jókòó sáàárín àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti táńkì dúdú, ojú mi á máa wo títì. Mò ń rí àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Mò ń rí ojú irin tuntun tí wọ́n ń kọ́ sáàárín títì. Bí mo bá dìde kí n nasẹ̀, ẹnìkan á ní, “Ìyá, wọ́n ti ń bọ̀.” Àwọn aṣọ tí mo ti gé tí n kò tíì rán á wá sí ojú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́là èyí, sípù tọ̀hún, yunifọ́ọ̀mù tí ó kù kí n fi bọ́tìnnì sí.

Bí mo bá ti kúrò ní Òkòkómáíkò, Ìjánikin ló kàn, láti lọ kó ọjà fún ọkùnrin tó ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́, kí n sì dúró wò ó títí. Ìgbà tí màá fi padà sí Ìbà, kò sí ẹni tó tún ń wá aránṣọ. Àwọn oníbàárà mi kọ́kọ́ ń pè mí lórí fóònù. Nígbà tó yá, wọ́n ń wá sílé. Ìyá kan wá gba aṣọ tó kó fún mi, n kò tíì gé e rárá. Ó ká a dáadáa, ó tẹ́ ẹ sínú báàgì, ó ní, “Ẹ má bínú o. Mo mọ̀ pé ojú yín kò sí níbẹ̀ mọ́.” Ìbá sàn kó bú mi. Lẹ́yìn tó lọ, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá a pé eku ti jẹ bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Síbẹ̀ mò ń mọ iṣẹ́ páìpù sí i. N kò lè purọ́, ó wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé páìpù tí wọ́n ṣe fún omi ìdọ̀tí lè jọ èyí tí wọ́n ṣe fún omi mímu, ṣùgbọ́n bó o bá fi ìka ta á, ohùn rẹ̀ á sọ ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í fi ohùn dídùn béèrè ọjà lọ́hùn-ún, ojú líle ni. Mo mọ̀ pé bí ọlọ́jà bá fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ ọjà, á kó èyí tó fẹ́ jọ ohun tó o béèrè fún ọ, á sì máa wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kó gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ páìpù, tó ti dì, fún mi, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀, mo dá a padà láì sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kígbe sí i pé ìyàwó plọ́ńbà ti mú un. Inú mi dùn títí mo fi dé ìdí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ìgbà tí mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ni ìdùnnú náà lọ, torí mo rí i pé bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni ọ̀nà tí mo lè gbà jáde ń dí.

Ẹsẹ̀ ọkọ mi sì ń san. Dókítà ní kó máa rìn, kó máa fi ọ̀pá lọ síta. Ó ń rìn nínú ilé, ó ń rìn dé géètì. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Òkòkómáíkò lọ́la. Ẹnu ọ̀nà wa níbí la ó ti wọ kẹ̀kẹ́, ẹ ò ní rìn púpọ̀.” Ó ní kí ẹsẹ̀ tọ́ dáadáa ná. Mo tún sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní òjò fẹ́ rọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ òtítọ́ fún mi.

“Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn,” ó ní. “Bí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n á ní mo ti tán. Ta ló máa pe plọ́ńbà tí kò lè gun orí táńkì?”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọkọ mi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo ní kò burú, màá máa lọ díẹ̀ sí i. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n àánú máa ń gbó bí aṣọ. Oṣù ń gorí oṣù, ọkọ mi ń sanra. Ó ti fi ìrọ̀rí méjì ṣe ibùjókòó fún ara rẹ̀ nítòsí fèrèsé, ibẹ̀ ló ti ń wo bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí wáńsáàpù: ra báyìí, má ra báyìí, sọ fún Alájì pé mo kí i. Bí àlejò bá wá kí i, á ní, “A ti fẹ́ parí iṣẹ́ Ìjánikin.” Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń bi ara mi léèrè pé ta ni “a”. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, n kò sì fẹ́ kí ibi kankan tún ṣe é. Ṣùgbọ́n ó dà bíi kí ènìyàn bá ẹnìkan gbé ẹrù dání, kó lè so okùn bàtà rẹ̀, kí olúwa rẹ̀ wá lọ jókòó sábẹ́ ibòji, kó máa jẹ ẹ̀pà. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ọkọ mi dìde, kó lọ sí Òkòkómáíkò fúnra rẹ̀, kí èmi padà sí ṣọ́ọ̀bù mi kí oníbàárà tó kù tó lọ tán.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Alájì kì í gba ọjà padà. Bí ọjà bá ti kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti di tìrẹ, àfi bí plọ́ńbà tó mọ̀ dáadáa bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó plọ́ńbà kò lè bẹ̀ ẹ́ fún un. Èmi fúnra mi ti rí i tó dá obìnrin kan padà báyìí. Mo ní bí mo bá lọ ra ọjà tí kì í ṣe èyí tí wọ́n rán mi, tó pọ̀, tí a kò sì lè sọ nù, kò sí ohun tí ọkọ mi lè ṣe ju kó wọ ṣòkòtò rẹ̀, kó mú ọ̀pá rẹ̀, kó lọ. Jẹ́ kó bínú. Ìbínú á gbé e dìde. Bó bá ti dé ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ti rí ọ̀pá náà, tí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ti sọ ọ́ tán, ẹ̀rù á kúrò lára rẹ̀.

Páìpù tí yóò gbé omi láti orí táńkì wá sí inú ilé ni rírà ńlá tó kù ní Ìjánikin. Íńṣì kan ni ọkọ mi ní kí n rà. Tíríkọ́tà ni mo pinnu láti rà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò hàn púpọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bí gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bá ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, tíríkọ́tà kò lè gbà á. Plọ́ńbà tó bá rí i á fi ọwọ́ lé orí.

Mo dé ọ̀dọ̀ Alájì láàárọ̀. Bẹ́ǹṣì kún. Mo kí wọn, wọ́n kí mi. Alájì fa àga fún mi, mo jókòó, mo sì béèrè tíríkọ́tà, mo fi ojú líle béèrè rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè.

“Tíríkọ́tà kẹ̀? Ilé Ìjánikin yẹn náà ni? Láti orí táńkì?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìyàwó wa, ìwọ kọ́ lo máa ra irú èyí. Bóyá o kò sùn dáadáa ni.”

“Ohun tí wọ́n ní kí n rà nìyẹn, Alájì.”

“Ọkọ rẹ ló ní kí o ra tíríkọ́tà fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?” Ó mi orí. “Rárá o. Jẹ́ kí n pè é.”

Etí Alájì kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, nítorí náà orí sípíkà ló ti máa ń ṣe fóònù, gbogbo ìlà ló sì máa ń gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e síwájú ẹnu. Ọkọ mi gbé e. Wọ́n kí ara wọn, kí ọjà, kí ẹsẹ̀, kí ọmọ, kí ilé. Alájì wá sọ ohun tí mo béèrè. Mo ní ó tó báyìí, á bínú, á ní kí Alájì má kó nǹkan kan fún mi, á ní òun ń bọ̀.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́.

“Tíríkọ́tà ló ní?” ó bi í.

“Tíríkọ́tà ni.”

“Ẹ kó o fún un. Alájì, ẹ má pè mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló ń dé sáìtì, òun ló mọ ohun tó rí níbẹ̀. Èmi ti kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi ni ọ̀gá báyìí, èmi jókòó sílé, mò ń jẹun.”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ọ̀gá, ayé yín dùn o.” Ọkọ mi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀, ó bi í nípa ọmọ rẹ̀ tuntun. Ó bi ẹlòmíràn nípa iṣẹ́ tó ń ṣe ní Àlàbá. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ì tíì tọ́, ọ̀pá ni òun ń lò. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì yọ̀ bí ohùn ẹni tó wà níbi ìsinmi. Wọ́n ní kó máa bọ̀ wá kí àwọn nígbà tó bá fẹ́. Ó ní ó dáa.

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní òun kò lè jẹ́ kí àwọn ènìyàn yìí mọ̀, tí mo torí rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, ó ti sọ ọ́ fún wọn tán láàárín ìkíni, kò sì sí ohun tó ṣe é. Kì í ṣe ìtìjú ló dì í mú mọ́. Ó lè ti pẹ́ tí kì í ti ṣe ìtìjú mọ́. Ara rẹ̀ ló tù ú. Mo bínú débi pé omi dé ojú mi, mo ní kí n má sunkún níwájú wọn.

Alájì pa fóònù. Ó yíjú sí mi. “Ó dáa,” ó ní. “Ìwọ ni ọ̀gá. Tíríkọ́tà ni kí n kó?”

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé kí n sọ ọ́, kí ilé náà bàjẹ́, kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bẹ Alájì? Èmi ni. Ta ni yóò dúró ní Ìjánikin nígbà tí wọ́n bá ń tú u, tí onílé ń pariwo lórí fóònù? Èmi náà ni. Mo ronú kan ẹni tí yóò máa gbé lókè yẹn, tí yóò ṣí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ọṣẹ lójú, tí kò ní rí ju ẹ̀kán omi lọ. Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń dúró de ohun tí màá sọ, bí wọ́n ṣe máa ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀.

“Rárá,” mo ní. “Ẹ fi tíríkọ́tà sílẹ̀. Íńṣì kan ni kí ẹ kó wá, kí ẹ sì fi rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí táńkì kó má baà jò sí i. Ó gbàgbé ìyẹn nínú ohun tó rán mi.”